Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àlàyé Lórí Sáfà Abẹ́lé fún Àwọn Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ojú Òpó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí yóò lọ sí òde àríyá kì í dúró láàrin ọjà kí ó tó wẹ̀, kí ó tó wọṣọ, kí ó tó wo dígí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ojú òpó ayélujára rí. Kí ojú òpó kan tó di ohun tí gbogbo ayé lè ṣí wò, ó yẹ kí ẹni tí ó kọ ọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn nínú ilé, kí ó ti rí àléébù rẹ̀, kí ó sì ti tún un ṣe. Ohun èlò tí a fi ń ṣe èyí ni à ń pè ní sáfà abẹ́lé. Ètò kékeré kan ni, tí a ń fi àṣẹ ìlà kan gbé dìde lórí kọ̀ǹpútà ara ẹni, tí kò béèrè owó, tí kò sì ń jẹ dátà.

Àlàyé yìí wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ojú òpó, fún àwọn olùkọ́ wọn, àti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ títọ́jú ojú òpó já lé léjìká. Ohun méjì ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí kò ní owó dátà púpọ̀ lè kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì. Èkejì ni pé ibi ìdánwò yàtọ̀ sí ọjà, àti pé ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè tú àṣírí ará ìlú síta.

Ohun tí sáfà jẹ́

Bí ẹnì kan bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sáfà, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni yàrá ńlá tí ó kún fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ náà gan-an ni sáfà: ètò tí ń dúró de ìbéèrè, tí ó sì ń fèsì. Búráúsà, irú bí Chrome tàbí Firefox, ni oníbàárà tí ó wá sí ìsọ̀. Sáfà ni ẹni tí ó jókòó ti ọjà. Oníbàárà dárúkọ ojú ìwé tí ó fẹ́. Sáfà wo inú àpò, ó mú un jáde, tàbí kí ó dáhùn pé òun kò ní i. Ìlànà tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní HTTP.

Nígbà tí Tim Berners-Lee ṣe sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 1990, ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ NeXT ṣe ni ó lò. Kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ náà ni ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa á, wẹ́ẹ̀bù ìgbà náà pa pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ni a fi tàdáwà pupa kọ ìkìlọ̀ lé e lára pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lè jẹ́ sáfà. Èyí tí ó wà lórí itan akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú yàrá rẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú.

Ìdí tí títẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì kò fi tó

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ojú ìwé lè béèrè pé: kí ni mo fẹ́ fi sáfà ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé bí mo bá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣí nínú búráúsà? Òótọ́ ni. Fún ojú ìwé kan tí kò ní ju ọ̀rọ̀ àti àwòrán díẹ̀ lọ, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n kí ó wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ó wà lókè búráúsà nígbà náà: file:// ni ó fi bẹ̀rẹ̀, dípò http://. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé búráúsà fúnra rẹ̀ ni ó lọ ka fáìlì náà lórí díìsìkì. Kò sí sáfà kankan láàrin. Ohun mẹ́ta ni yóò sì yàtọ̀ sí bí yóò ti rí lórí ayélujára.

Èkíní ni ọ̀nà tí a ń gbà wá fáìlì. Bí a bá kọ ọ́ sínú ojú ìwé pé àwòrán kan wà ní /aworan/ami.png, sáfà mọ̀ pé láti inú fódà ojú òpó náà ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Búráúsà tí ń ka fáìlì fúnra rẹ̀ yóò lọ wá a láti ìpìlẹ̀ díìsìkì kọ̀ǹpútà, kò sì ní rí i.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ààbò. Búráúsà kì í gba JavaScript inú irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ láyè láti lọ mú fáìlì mìíràn wá. Ìdí ni pé bí ó bá gbà á láyè, ojú ìwé tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wa lè ti ibẹ̀ ka ìwé àṣírí tí a tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà wa.

Ẹ̀kẹta ni pé ètò tí a fi PHP kọ kì í ṣiṣẹ́ nínú búráúsà. Sáfà ni ó ń sọ ọ́ di ojú ìwé kí búráúsà tó rí i. Níbi tí kò bá ti sí sáfà, irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí ìlù tí a gbé kọ́ ògiri tí kò sí àyàn tí yóò lù ú.

Àṣẹ tí ń gbé sáfà dìde

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ tí ó kàn wá ṣe é. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan fẹ́ gbé ojú ìwé kan jáde níbi tí àwọn ìyá yóò ti máa rí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó sún mọ́ wọn, àti ọjọ́ tí a ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀. Ọjọ́ kan tí a bá ṣi kọ lójú ìwé náà lè mú kí ìyá kan pọn ọmọ rin ọ̀nà jíjìn lásán. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń tún ṣe lójú gbogbo ayé. Ẹni tí ń kọ ọ́ yóò ṣẹ̀dá fódà kan, yóò sọ ọ́ ní ilera, yóò sì kọ fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ index.html sínú rẹ̀. Fáìlì yìí ni sáfà máa ń kọ́kọ́ wá bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn láìdárúkọ ojú ìwé kan pàtó.

Ohun tí ó kù ni kí ó ṣí ojú ìpàṣẹ. Ojú ìpàṣẹ ni fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, dípò títẹ àwọn àwòrán kéékèèké. Lórí Linux àti Mac, Terminal ni orúkọ rẹ̀. Lórí Windows, PowerShell tàbí Command Prompt ni. Bí Python bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà, ohun tí yóò tẹ̀ nìyí:

cd ilera
python3 -m http.server 8000 --bind 127.0.0.1

Lórí Windows, py ni yóò kọ dípò python3.

Ìlà àkọ́kọ́ ni ó gbé wa wọ inú fódà. Kí á kíyè sí i dáadáa, nítorí pé fódà tí a bá wà nínú rẹ̀ nígbà tí a pàṣẹ ni sáfà yóò máa mú nǹkan jáde láti inú rẹ̀ fún oníbàárà. Ìlà kejì ni ó gbé sáfà dìde. Abala http.server ti wà nínú Python láti ìgbà tí a ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tuntun tí a óò tún gbà wọlé. Nọ́ńbà 8000 ni ilẹ̀kùn tí sáfà yóò jókòó sí. Abala tí ó gbẹ̀yìn, --bind 127.0.0.1, sọ fún sáfà pé kí ó má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ẹni tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí gan-an.

Ojú ìpàṣẹ yóò kọ ọ́ jáde pé Serving HTTP on 127.0.0.1 port 8000, èyí tí ó fi hàn pé sáfà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹni náà wá ṣí búráúsà, kí ó sì tẹ http://127.0.0.1:8000 sí ibi àdírẹ́ẹ̀sì. Ojú ìwé rẹ̀ yóò yọ. Bí ó bá tún nǹkan ṣe nínú index.html, tí ó fi í pamọ́, tí ó sì tún ojú ìwé náà ṣí, àtúnṣe yóò hàn. Bí ó bá fẹ́ dá sáfà dúró, kí ó padà sí ojú ìpàṣẹ, kí ó di Ctrl mú, kí ó sì tẹ C. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú, sáfà kú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì tí a ti fi pamọ́ kò lọ ibì kankan. Àṣẹ kan náà ni yóò tún gbé sáfà dìde.

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lè bá python -m SimpleHTTPServer pàdé. Orúkọ tí Python 2 ń lò nìyẹn, àwọn tí ó ṣe é sì ti dáwọ́ títọ́jú rẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Àwọn èdè mìíràn pẹ̀lú ní sáfà tiwọn. PHP ti ní i nínú láti ẹ̀dà 5.4 tí ó jáde ní ọdún 2012, php -S localhost:8000 ni a sì fi ń pè é. Ẹni tí ń lo Django yóò tẹ python manage.py runserver; ẹni tí ń lo Flask yóò tẹ flask run. Orúkọ yàtọ̀, ìlànà kan náà ni.

Ẹni tí ó jẹ́ pé fóònù Android nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Termux, tí ó ń fún fóònù ní ojú ìpàṣẹ. Bí ó bá tẹ pkg install python níbẹ̀, dátà yóò lọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ó ń gbà á wọlé. Láti ìgbà náà lọ, inú fóònù náà ni iṣẹ́ yóò ti máa lọ.

Ilé àti ilẹ̀kùn: ìtumọ̀ 127.0.0.1 àti 8000

Kọ̀ǹpútà tí ó bá wà lórí ayélujára ní àdírẹ́ẹ̀sì tí a fi ń rí i, bí ilé ti ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣètò ayélujára ya àwọn àdírẹ́ẹ̀sì kan sọ́tọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ “èmi fúnra mi”. Gbogbo èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127 ni a yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, 127.0.0.1 sì ni a ń lò jù. Nínú ètò àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tí à ń pè ní IPv6, ::1 ni ó dúró fún un. Orúkọ tí ó rọrùn láti rántí ni localhost.

Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì yìí kì í kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Kì í dé ọ̀dọ̀ MTN, kì í dé ọ̀dọ̀ Glo, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè yọ káàdì síìmù, kí á pa Wi-Fi, kí iṣẹ́ sì máa lọ láìdúró. Àfi bí ojú ìwé náà bá ń mú máàpù, irú lẹ́tà tàbí àkójọ ètò wá láti orí sáfà ẹlòmíràn ni yóò fi nílò dátà. Èyí tí ó bá ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà nínú wọn, kí á gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí á sì tọ́jú rẹ̀ sínú fódà iṣẹ́.

Ilé kan lè ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́ọ̀tù, bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 65535. Ilẹ̀kùn 80 ni HTTP ń gbà, 443 sì ni ti HTTPS tí ó ní ààbò. Búráúsà ti mọ méjèèjì, nítorí náà ni a kì í fi kọ nọ́ńbà wọn sí àdírẹ́ẹ̀sì ojú òpó. Lórí Linux, àwọn nọ́ńbà tí kò tó 1024 wà fún ẹni tí ó ní àṣẹ àgbà lórí kọ̀ǹpútà. Ìdí rèé tí àwọn sáfà ìdánwò fi ń lo nọ́ńbà ńlá: Django ń lo 8000, Flask ń lo 5000, Rails ń lo 3000.

Ètò méjì kò lè jókòó sí ilẹ̀kùn kan náà. Bí ojú ìpàṣẹ bá kọ Address already in use, ó ń sọ pé ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ sáfà tí a gbé dìde ní àná tí a gbàgbé láti pa. Kí á pa ti àná, tàbí kí á fi 8001 rọ́pò 8000.

Kíka ohun tí sáfà ń kọ sílẹ̀

Sáfà abẹ́lé kì í dákẹ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé ni ó ń kọ ìlà kan fún lójú ìpàṣẹ: àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tí ó béèrè, àkókò, ohun tí ó béèrè, àti nọ́ńbà kan tí ó dúró fún èsì. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ti rí olùkọ́ ọ̀fẹ́. 200 túmọ̀ sí pé ohun tí a béèrè wà, a sì ti fi jíṣẹ́. 304 túmọ̀ sí pé ohun náà kò tíì yí padà láti ìgbà tí búráúsà ti gbà á, kí ó lo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 404 túmọ̀ sí pé sáfà wá a, kò rí i. Orúkọ fáìlì tí a ṣi kọ ni ó sábà máa ń fà á. 500 túmọ̀ sí pé ètò tí a kọ ni ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Wọn yóò rí 404 fún /favicon.ico, fáìlì tí wọn kò kọ, tí wọn kò sì dárúkọ níbì kankan. Búráúsà ni ó béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ń wá àmì kékeré tí yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ojú ìwé náà. Kò ba nǹkankan jẹ́.

Àwọn ìlà yìí tún ń yanjú ìṣòro mìíràn. Nígbà mìíràn a óò tún nǹkan ṣe, a óò tún ojú ìwé ṣí, àtúnṣe kò sì ní hàn. Kí á wo ojú ìpàṣẹ. Bí ìlà tuntun kò bá jáde fún fáìlì tí a tún ṣe, búráúsà kò béèrè rẹ̀ rárá. Èyí tí ó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó gbé jáde. Kí á tẹ Ctrl, Shift àti R pọ̀, kí ó lè lọ gba tuntun. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá jáde pẹ̀lú 200, tí ohun àtijọ́ ṣì ń hàn, ó ṣeé ṣe kí a má tíì fi àtúnṣe pamọ́, tàbí kí ó jẹ́ pé fódà mìíràn ni sáfà jókòó sí.

Kí ẹ àti ọ má baà di àmì àjèjì

Ẹ̀kọ́ kan kàn wá ju ọ̀pọ̀ èdè mìíràn lọ, nítorí pé Yorùbá ní lẹ́tà tí ó ní àmì lórí àti lábẹ́. Sáfà Python tí a gbé dìde yìí kì í sọ fún búráúsà irú ìlànà tí a fi kọ lẹ́tà inú fáìlì HTML. Bí ojú ìwé fúnra rẹ̀ kò bá sọ ọ́, búráúsà yóò máa méfò, ó sì sábà máa ń fi ìlànà àtijọ́ tí a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kà á. Báìtì mẹ́ta ni ìlànà UTF-8 fi ń tọ́jú lẹ́tà ẹ. Bí a bá fi ìlànà àtijọ́ kà á, báìtì kọ̀ọ̀kan yóò di lẹ́tà tirẹ̀, ẹ yóò sì di áº¹ lójú ìwé. Orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn yóò bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, tí a óò kọ sókè pátápátá nínú abala head:

<meta charset="utf-8">

Kí á sì kọ <html lang="yo"> ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, kí búráúsà àti ètò tí ń ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran lè mọ̀ pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà. Inú ilé ni ó yẹ kí á ti rí irú àbùkù yìí. Ojú a máa tini bí ó bá jẹ́ pé ará ìlú ni yóò kọ́kọ́ rí i lójú òpó ìjọba.

Wíwò ó lórí fóònù láìjẹ dátà

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń ṣí ojú òpó, nítorí náà ó yẹ kí á rí bí ojú ìwé wa ti rí lójú fóònù kékeré. Kí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lórí Wi-Fi kan náà, tàbí kí kọ̀ǹpútà gba hotspot fóònù náà. Kí á wá àdírẹ́ẹ̀sì tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn: ipconfig ni a óò tẹ̀ lórí Windows, ip addr lórí Linux. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 ni a sábà máa ń rí. Kí á pa sáfà, kí á tún gbé e dìde pẹ̀lú --bind 0.0.0.0, èyí tí ó ní kí sáfà dá ẹni tí ó bá ti ọ̀nà èyíkéyìí wá lóhùn. Kí á wá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà, bíi http://192.168.43.20:8000, sínú búráúsà fóònù. Láàrin ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kò jáde sórí ayélujára, kò sì jẹ dátà.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí ilẹ̀kùn yìí bá wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lórí Wi-Fi kan náà lè wọlé wo fódà wa. Nítorí náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa nìkan ni kí á ti ṣe é. Kí á má ṣe é ní kàfé, ní pápákọ̀ òfuurufú tàbí lórí Wi-Fi gbogbogbòò ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá sì ti parí, kí á pa á. Ó yẹ kí á mọ̀ pẹ̀lú pé bí a kò bá kọ --bind rárá, báyìí gan-an ni sáfà Python máa ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi fi í sínú àṣẹ wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan lè ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu níhìn-ín. Bí ojú ìwé bá ń béèrè ibi tí oníbàárà wà, kí ó lè fi ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù hàn án, yóò ṣiṣẹ́ lórí localhost, yóò sì kọ̀ lórí fóònù. Búráúsà gbà pé localhost ní ààbò, ṣùgbọ́n kì í fún http lásán láti àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Lórí ojú òpó gidi, HTTPS ni ojútùú rẹ̀.

Ibi ìdánwò kì í ṣe ọjà

Àwọn tí ó ṣe Python kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé wọn pé http.server kò yẹ fún ojú òpó gidi. Àwọn tí ó ṣe PHP ní kí á má ṣe lo sáfà inú rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbogbòò. Django kìlọ̀ bákan náà nípa runserver. Ìkìlọ̀ wọn ní ìdí: a ṣe sáfà ìdánwò láti ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, a kò ṣe é láti dènà olè. Bí sáfà Python kò bá rí index.html nínú fódà, yóò to orúkọ gbogbo fáìlì ibẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tí ó béèrè, títí kan fáìlì .env tí àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí. Bí ètò Django tàbí Flask tí ó wà ní ipò àyẹ̀wò bá ṣubú, yóò kọ gbogbo bí ó ti ṣubú jáde: orúkọ fáìlì, ìlà ètò, ohun tí ètò náà ń ṣe lọ́wọ́. Fún ẹni tí ó kọ ọ́, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Fún olè, ó dà bí ìgbà tí a ya àwòrán yàrá ilé wa fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Patreon, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó ran àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́, fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn olè orí ayélujára wọlé sí i. Ilé iṣẹ́ náà kéde fúnra rẹ̀ pé ẹ̀dà àyẹ̀wò ojú òpó òun, tí ó wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ni wọ́n bá wọlé. Orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì àwọn oníbàárà wà lára ohun tí ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọ ibi iṣẹ́ ni a fi sílẹ̀ láìtì.

Ní orílẹ̀-èdè wa, a fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin náà sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó o. Ó ní kí ẹni tí ó bá gba dátà ènìyàn tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ààbò. Nítorí náà, orúkọ àwọn ìyá, nọ́ńbà fóònù wọn, nọ́ńbà NIN wọn àti àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ wọn kò gbọdọ̀ wà nínú fódà ìdánwò. Dátà àpẹẹrẹ ni kí á fi dán ètò wò: orúkọ tí a hùmọ̀, nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lè sọnù nínú ọkọ̀ èrò. Bí ó bá sọnù, kí ó má ṣe gbé àṣírí ọlọ́mọ lọ.

Kí á tó gbé e jáde

Ojú òpó tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé lè kọsẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá dé òde. Ohun mẹ́rin ni kí á yẹ̀ wò kí ọjọ́ náà tó dé.

Èkíní, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Lójú Windows, Aworan.JPG àti aworan.jpg jẹ́ ọ̀kan náà. Lórí Linux, èyí tí ọ̀pọ̀ sáfà ayélujára ń lò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwòrán tí ó ń hàn nínú ilé yóò di 404 lóde. Kí á máa fi lẹ́tà kékeré sọ gbogbo fáìlì lórúkọ.

Èkejì, kí á wá ọ̀rọ̀ náà localhost àti 127.0.0.1 nínú gbogbo fáìlì wa. Bí ìkan nínú wọn bá ṣẹ́ kù sínú ojú ìwé, fóònù ará ìlú tí ó bá ṣí i yóò lọ wá sáfà nínú ara rẹ̀, nítorí pé “èmi fúnra mi” lẹ́nu fóònù yẹn ni fóònù náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní mọ̀ pé àléébù wà, nítorí pé lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Ẹ̀kẹta, kí á pa ipò àyẹ̀wò. Nínú Django, DEBUG = False ni a óò kọ. Kí á sì yọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò nínú fódà tí sáfà yóò máa mú nǹkan jáde láti inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí á fi iṣẹ́ náà lé sáfà tí a ṣe fún òde lọ́wọ́, irú bí nginx tàbí Apache, pẹ̀lú HTTPS. Iṣẹ́ sáfà abẹ́lé parí níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti dúró de ìgbà tí yóò ra dátà. Kí ó ṣẹ̀dá fódà kan lónìí, kí ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé sínú index.html, kí ó pa dátà fóònù rẹ̀, kí ó sì tẹ àṣẹ tí a kọ sókè yìí. Bí orúkọ ìlú náà bá yọ lójú búráúsà láìsí àmì àjèjì kankan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.